Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Python: ọ̀rọ̀ tó jọ nọ́ńbà, nọ́ńbà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà ni gbogbo ohun tí ẹ bá ti rí 1, 2, 3 lára rẹ̀. Ní Python, èdè tí a fi ń kọ prógírámù, ohunkóhun tó bá gba input() wọlé (àṣẹ tó ń gba ohun tí èèyàn tẹ̀), ọ̀rọ̀ ni, ìbáà ṣe 64 lásán lèèyàn tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, Àkúrẹ́ ṣáà la wà. Ọmọ kan ń kọ prógírámù kékeré fún ìyá rẹ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè:

a = input("Kílò àpò kìíní: ")
b = input("Kílò àpò kejì: ")
print(a + b)

Màmá tẹ 64, ó tún tẹ 62. Dípò 126, 6462 ló yọ. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo kòkó Ìdànrè ni mo rà tán ni?” Python ò pariwo rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fún un, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ tún dán a * 3 wò, 646464 lẹ máa rí.

float(input("Kílò àpò kìíní: ")) ló yẹ kó kọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè di nọ́ńbà. Àwọn kan á sáré mú int(), tó ń sọ ọ̀rọ̀ di odidi nọ́ńbà nìkan, wọ́n á gbàgbé pé òṣùwọ̀n lè gbé 63.5. Bí wọ́n bá ti tẹ ìyẹn, àṣìṣe tí Python ń pè ní ValueError dé, prógírámù dúró. Owó tí wọ́n kọ bíi 1,500 náà ò lè kọjá, nítorí kọ́mà, ẹ fi .replace(",", "") yọ ọ́ ná. Àmì ₦ náà ò gbọdọ̀ kù síbẹ̀.

JavaScript, èdè prógírámù mìíràn, ló tiẹ̀ máa ń bí mi nínú jù. "64" + 2 á di "642" níbẹ̀, "64" - 2 á sì di 62, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Python á gbé TypeError síta fún méjèèjì, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ò ṣeé pa pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kúkú sàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún títò náà. Tí ìwọ̀n bá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, sorted() á to "100" ṣáájú "64", á sì fi "9" sẹ́yìn, torí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí, tí wọ́n wá ń fi int() sórí ohun gbogbo, títí kan nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀? int() á gé òdo iwájú 0803 dànù, nọ́ńbà oníka 11 á di 10, ìpè ò ní wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sí. Excel náà máa ń gé òdo yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà sí i. Tí òdo bá ti lọ, sísọ ọ́ di Text lẹ́yìn náà ò ní dá a padà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá a padà, ìbáà ṣe ọwọ́ lẹ fi tún un tẹ̀ tàbí fọ́múlà.