JAMB kù sí dẹ̀dẹ̀

Ẹ tẹ sílíìpù yín jáde lónìí, kì í ṣe láàárọ̀ ìdánwò. Òun ló ń sọ ibi àti aago tí wọ́n pín yín sí. Ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú.

Ẹ fi orí ìwé tuntun sílẹ̀ báyìí. Ìbéèrè ọdún tó kọjá ni kí ẹ máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa wo aago: ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40-40. Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ àkókò jù nítorí àyọkà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 40. Bọ́tìnnì N ń gbé yín síwájú, P ń dá yín padà. S ni kí ẹ ṣọ́ra fún, òun ló ń fi gbogbo ìdáhùn yín ránṣẹ́.

Làálì lórí ìka ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtẹ̀ka wò lè má dá ìka mọ̀.