Bí mo ṣe tẹ iṣẹ́ àṣekágbá mi fúnra mi, lẹ́yìn tí owó ti lọ

₦19,320 ni mo kó fún ẹni tó bá mi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2019, kò sì sí ojú ìwé kan nínú ohun tó gbé fún mi tó ṣeé gbé síwájú olùkọ́. Owó ata ni. Màámi ló tà á ní Ọjà Ọba, tó ń ká a sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé. Mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí wọ́n ń kó sínú kòtò kan náà, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

N kò ní sọ bí mo ṣe ṣe JAMB àti bí mo ṣe wọlé. Ẹ mọ ìyẹn. Ọdún mẹ́rin náà lọ bó ṣe máa ń lọ: bí ẹnu ṣe ń pe ìró, bí a ṣe ń hun ọ̀rọ̀, bí gbólóhùn ṣe ń dúró. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni ìbéèrè àwọn ará ilé: "Ṣé Yorùbá tí a ń sọ lẹ́nu yìí náà lo tún lọ kọ́ ní yunifásítì?" Bí èdèkédè ṣe ń ṣiṣẹ́ là ń kọ́, kì í ṣe Yorùbá nìkan. Tó bá sì jẹ́ Yorùbá náà ni, ṣé ó kéré ni? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tí ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1978, ọmọ Òkè-Àgbè Àkókó ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí.

Ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Tiwa ń fi í bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu màámi, ilé ni ulé, ilẹ̀ sì ni ʊlẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì yẹn dáadáa, kì í ṣe u ti àkọ́kọ́. Bí a bá ń pe ulé, ìdí ahọ́n máa ń yọ síwájú. Bí a bá ń pe ʊlẹ̀, kì í yọ, nítorí ẹ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti fa fáwẹ̀lì iwájú mọ́ra. Àǹkóò fáwẹ̀lì là ń pè é. Mo gba ohùn àgbàlagbà mẹ́jọ sílẹ̀ ní Òkè-Àró àti Arákàlẹ̀, mo kó o sínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń wọn ìró, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam. Òǹkà tí wọ́n ń pè ní F1, tó ń fi fáwẹ̀lì kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn, ga nínú fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ʊlẹ̀ ju ti ulé lọ. Inú mi dùn débi pé mo pe màámi ní ìdájí láti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́, n kò ní kọ̀ǹpútà, mo gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ₦80 ni ojú ìwé kan. Nígbà tó rí àmì ohùn, ó ní ₦150. Ojú ìwé 92, ₦13,800. Ẹ̀dà mẹ́ta ní ₦20 lójú ìwé kan, ₦5,520. N kò jiyàn, nítorí mo mọ̀ pé àmì ń gba àkókò. Ó ní ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Lónìí, iná kò sí. Lọ́la, ọmọ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti lọ síbi ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ tó parí, ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àmì òkè wà níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n fi ń tẹ̀wé jáde, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ilé ni mo ti tú ọ̀rá náà. Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé gbogbo ʊ ti di u. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní, "Mo rò pé àṣìkọ ni, àǹtí. Mo bá yín tún un ṣe ni." Owó ńkọ́? Ó ní ohun tí mo fún òun lòun tẹ̀. Mo ṣì kó ìwé náà bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, kó lè rí i pé mo ṣiṣẹ́. Ó kà á títí dé orí kẹta, ó gbójú sókè: "Ìyàtọ̀ wo lo sọ pé ó wà láàárín u àti u?" Ẹ̀rí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ló pa rẹ́ yẹn. Mo pàdánù ọjọ́ tí a máa dúró níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sún mi sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Fọ́ǹtì àtijọ́ ló lò, irú èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹ sí àyè tó ṣófo nínú àwọn fọ́ǹtì mìíràn. Níbi tí fọ́ǹtì náà kò bá sí, àwòrán yẹn lọ nìyẹn. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní àyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí: ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn níbẹ̀. Ẹ́ ni kò ní. Ẹ la óò kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó fi àmì òkè lé e lórí. Mo yá kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, mo gba fọ́ǹtì Charis SIL àti Keyman, ètò tí a fi ń tẹ lẹ́tà àti àmì èdè wa, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, mo sì tẹ ojú ìwé 92 náà ní òru mọ́kànlá. Ní òru kẹrin, mo wá "ilẹ̀" nínú fáìlì mi, kọ̀ǹpútà ní ìdajì rẹ̀ ni òun rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ti tẹ àwọn kan gẹ́gẹ́ bí è tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, àwọn ìyókù gẹ́gẹ́ bí ẹ tí a fi àmì lé lórí. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú fáìlì, wọ́n yàtọ̀. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, ʊ mi pé, kò dín kan.

Iṣẹ́ yẹn gan-an ló bọ́ mi lẹ́yìn NYSC. Àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní bí yóò ṣe máa gbọ́ Yorùbá ń wá ẹni tó lè kọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó péye, kí ẹ́ kan má sì yàtọ̀ sí òmíràn nínú fáìlì. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tún ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlera. Nínú àwọn tí a jọ kà á, ọ̀kan wà ní rédíò, ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn wà ní báńkì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tíṣà, kó tètè ronú PGDE, ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gboyè, torí TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, á béèrè ẹ̀kọ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ọdún kìíní ni n bá ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ èdè mi, kì í ṣe ọdún kẹrin. N bá sì sọ fáìlì mi di PDF, tó ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, mo ka ₦19,320 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, mo gbé e lọ bá màámi nídìí àtẹ ata rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun bá mi rà. Mo ní, "Owó yín ni, mà."