Ẹ lu ògiri yín wò kí ẹ tó ra búrákẹ́ẹ̀tì: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́

Ọ̀kùn gbogbo yín o.

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ni orí mi máa ń gbóná jù lọ́dún. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti Kàdúná máa ń rántí pé ilé tí àwọn ń kọ́ sí Kàbbà, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ kò tíì ní ẹwà. Wọn á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ilé kan ní Amẹ́ríkà, òrùlé rẹ̀ yọ síta bí etí àkẹtẹ̀, búrákẹ́ẹ̀tì onígi tí wọ́n fín sì tò sábẹ́ rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. "Bọ̀dá, irú èyí ni mo fẹ́. Kérésìmesì la fẹ́ ṣílé." Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́. Mo fi ti kápẹ́ńtà lé e nígbà tí mo rí i pé irin nìkan ò lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ọdún 22 rèé, mo sì ti ba nǹkan jẹ́ tó láti lè pariwo lé ẹlòmíì lórí. Búrákẹ́ẹ̀tì ni apá igi tàbí irin tí a ń kàn mọ́ ògiri láti gbé òrùlé, kánópì tàbí pẹpẹ; n kò ní fa àlàyé rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ti ń kọ́lé. Ibi tí owó yín ń gbà sá lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Èkínní: ẹ ń wo fọ́tò, ẹ ò wo òrùlé yín.

Irú ilé tó wà nínú fọ́tò yẹn, Italianate ni wọ́n ń pè é. Ó gbòde ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1840 títí dé 1885. Òrùlé ilé wọ̀nyẹn yọ síta gan-an, ìdí nìyẹn tí búrákẹ́ẹ̀tì fi bá a mu: ojú á gbà pé ó ń gbé nǹkan. Àwa ńkọ́? Párápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń kọ́ báyìí. Òrùlé ti sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, kò yọ síta ní íǹṣì kan. Mo rí ilé kan lójú ọ̀nà Ìyàrà, búrákẹ́ẹ̀tì 14 ló wà níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí wọn. Wọ́n dà bí aláàárù tó na ọwọ́ sókè lọ́jà, tí kò sẹ́ni tó gbé ẹrù fún un.

Bó bá jẹ́ párápẹ́ẹ̀tì ni tiyín, ẹ wá ibi tí nǹkan ti yọ síta lóòótọ́: kánópì ẹnu ọ̀nà, ìbòrí ojú fèrèsé, abẹ́ bákónì. Bí kò bá sí rárá, ẹ fi owó náà ra pẹ́ǹtì tó dáa.

Ẹni tó bá sì fẹ́ igi gbígbẹ́, èéṣe tó fi jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ń wò? Ọlọ́wẹ̀ ará Isẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Àrèògún ti Ọ̀sì pàápàá, ibi tó ti ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí àwa ará Yàgbà. Ẹ mú fọ́tò òpó wọn wá fún mi lọ́jọ́ kan, kí inú mi dùn kí n tó kú.

Ìkejì: POP, píláásítà funfun tí a fi ń ṣe sílìnnì, lóde. Rárá. Omi òjò ń jẹ ẹ́.

Ìkẹta, èyí tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé: ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ògiri yín.

Bulọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé, ihò ló wà nínú rẹ̀. Láti ojú rẹ̀ títí dé ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀, kò ju íǹṣì kan sí méjì lọ. Ẹ wá fi dírìlì lu ibẹ̀, ẹ ti fíṣà gígùn, ike tí síkúrù ń wọ̀ sínú rẹ̀, bọ̀ ọ́. Ìdajì fíṣà ló di nǹkan mú, ìdajì yòókù ń wo òkùnkùn. Síkúrù á máa yí, á yí títí, ẹ ó ní ó ti le. Ó le lóòótọ́, bí eyín tó ń mì ṣe máa ń le.

Ẹrù ló kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kò le. Bí ẹrù kílò 10 bá jókòó sí ìpẹ̀kun pẹpẹ tó yọ síta ní íǹṣì 12, tí ẹsẹ̀ búrákẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ ògiri kò sì ju íǹṣì 6 lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nǹkan bí kílò 20 ló ń fa síkúrù òkè kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn gùn tó íǹṣì 12, ìfà náà á wálẹ̀ sí kílò 10. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí apá méjèèjì búrákẹ́ẹ̀tì ò bá dọ́gba, èyí tó gùn ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ ògiri, kí èyí tó kúrú gbé pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ń dorí rẹ̀ kodò, torí pé apá gígùn ni òdòdó wà, ẹ sì fẹ́ kí àlejò rí òdòdó.

Mo ti wọ kíṣìnnì kan tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 sórí irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ nìkan, kílò 25. Búrákẹ́ẹ̀tì tó gbé e kò nípọn ju yẹtí ìyàwó lọ. N kò jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ gba atẹ́gùn níta.

Mo ń bá yín wí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún kẹta tí mo gba òmìnira, ìyá kan tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìyàrà pè mí pé kí n wá ṣe kánópì sí ẹnu ọ̀nà òun. Búrákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ, tó ní ewé àti èso àjàrà lára, ọmọ rẹ̀ ló rà á ránṣẹ́ láti Èkó. Ó rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bulọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri náà. Mo lu ú, mo ti fíṣà bọ̀ ọ́, mo de síkúrù, mo gbé férémù igi àti páànù lé e. Mo tún fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọn níṣojú ìyá pé, "Ẹ wò ó, Mọ́mì, ó gbé mi." Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn, n kò sanra.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà bá ìjì wọlé. Ohun tí n kò rò ni pé atẹ́gùn kì í ti kánópì wálẹ̀ nìkan, ó ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó tún ń já a sílẹ̀. Ìgbà mélòó ni fíṣà mẹ́jọ lè fara da ìyẹn? Gbogbo rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú píláásítà, ó balẹ̀ sórí atẹ ilá tí ìyá ń sá. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ gbé ṣíbí ni.

Nígbà tí mo dé, kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti jẹun?" Ó gbé iyán fún mi. Iyán yẹn kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Bó bá ti bú mi ni, n bá ti gbàgbé.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyí, ohun náà ni mo sì ń ṣe títí dòní. Ẹ fi ìka lu ògiri. Ibi tó bá dún gbò, ihò ló wà níbẹ̀; ibi tó bá dún kọ́, òpó kọnkéré tàbí líńtẹ̀ẹ̀lì (kọnkéré tó dábùú orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn) ni. Orí kọnkéré ni kí ẹ gbé ohun tó wúwo kọ́. Bí kò bá bọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́, ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan, ẹ lu ihò já sí ẹ̀yìn ògiri, ẹ ti bóòtù gígùn bọ̀ ọ́, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn kí nọ́ọ̀tì tó wọlé. Èkejì, ẹ la ojú bulọ́ọ̀kù, ẹ fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dí ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀, kí ẹ ro kọnkéré kún un pẹ̀lú bóòtù nínú. Ẹ máa bu omi sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wí, kì í ṣe òru ọjọ́ kan nítorí pé olórin ti gba owó.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ ti pinnu nígbà tí bíríkìlà ṣì wà lórí iṣẹ́. Irin tí wọ́n bá rò mọ́ líńtẹ̀ẹ̀lì, kò sí ìjì tó máa fà á yọ. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń ṣe ní Ọbàjànà níbí kò jìnnà sí yín. Àpò kan, kílò 50, ju ohun tí ẹ nílò fún gbogbo ihò yẹn lọ. Ṣùgbọ́n owó búrákẹ́ẹ̀tì lẹ máa ń ní, ẹ kì í ní ti kọnkéré. Àwọn fíṣà kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí? Aago ògiri ni kí ẹ fi wọ́n kọ́.

Mo tún máa jẹ́wọ́ kan. Lẹ́yìn gbogbo ìwàásù yìí, pẹpẹ yàrá ìjókòó tèmi já ní ọdún tó kọjá, pẹ̀lú abọ́ tánganran ìyá mi mẹ́fà. Fíṣà ni mo lò. Mo ní mo máa padà wá ṣe é dáadáa. Ìyàwó mi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ ọ́.

Iye wo la kà dé? Ẹ jẹ́ ká fi kíkà sílẹ̀.

Igi tútù. Ẹ ra pákó ní sọ́múìlì lóṣù kẹjọ, ẹ gbẹ́ ẹ lóṣù kẹsàn-án, ẹ kàn án lóṣù kẹwàá. Ọyẹ́ dé, ó là. Kì í ṣe àjẹ́. Igi ń sún kì nígbà ọyẹ́, ó sì ń wú nígbà òjò. Ẹ fi í síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ títí á fi gbẹ. Ìrókò àti apá ń bá ikán jà dáadáa. Arère fúyẹ́, ó rọrùn fún gbígbẹ́, ó sì tún rọrùn fún ikán. Inú ilé lẹ lè lò ó, kò gbọdọ̀ rí òjò.

Irin tí wọn ò kùn lẹ́yìn. Iwájú nìkan làwọn ọmọ iṣẹ́ ń kùn, torí pé iwájú ni ọ̀gá ń rí. Ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ ògiri ni omi ń gbà wọlé. Irin tó bá dógùn-ún a máa wú ju bó ṣe wà lọ, á ti píláásítà, á sì sun omi pupa sára pẹ́ǹtì funfun yín. Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ibi tí a ti jó o pọ̀ mọ́ra ní rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì, pẹ́ǹtì tó ń dènà ìpẹtà, kí ẹ tó gbé e kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, òun ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú òpó àti búrákẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé lóde òní. N kò bínú sí i. Ó fúyẹ́, ògiri oníhò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní nẹ́ẹ̀tì àti sìmẹ́ńtì lára, kò sì gbọdọ̀ gbé ohunkóhun. Ẹ má ṣe fi pẹ́ǹtì olóyìnbó inú agolo tí wọ́n ń fín tàbí ohun tó ní tínà nínú kàn án ní ìhòòhò. Tínà ń yọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fín wúrà sí ọ̀kan lójú mi, ó ní òun fẹ́ kó tàn. Bí a ti ń wò ó ló ń wọlẹ̀ bí ṣúgà tó rí omi. Ẹ má sì gbé e sítòsí ìdáná.

Wọ́ọ̀pépà lórí ògiri tó ń mu omi láti ìsàlẹ̀: ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná.

Búrákẹ́ẹ̀tì oríṣi mẹ́rin lójú ilé kan. Ẹ mú ọ̀kan.

Màábù ńkọ́? Ó wà ní Jákúrà, lọ́nà Lọ́kọ́jà, nínú ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, síbẹ̀ ẹ ń sanwó ọkọ̀ lórí èyí tó ti òkè òkun wá. Ó dáa lára ògiri, ó dáa lórí pẹpẹ tí búrákẹ́ẹ̀tì gidi gbé, bí ẹ bá ti rántí pé òkúta ló ń jẹ́ òkúta, ẹ ó sì padà lọ ka ọ̀rọ̀ fíṣà. Ibi tí n kò ti gbà fún yín ni kíṣìnnì àti ilé ìwẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ màábù, ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá olómi ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gíránáìtì ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ máa ra ẹyọ kan tàbí méjì lé. Nígbà tí kánópì Ìyàrà já, búrákẹ́ẹ̀tì kan fọ́. Mo wá irú rẹ̀ dé Lọ́kọ́jà, ọmọ ìyá náà wá a káàkiri Èkó, a ò rí i mọ́. Mẹ́ta eléso àjàrà ló wà níbẹ̀ di òní, ìkẹrin ní orí kìnnìún. Kọnkéré ni wọ́n jókòó sí báyìí, wọn ò mì. Àwọn ọmọ-ọmọ ìyá sọ kìnnìún náà ní Àjòjì, wọ́n sì máa ń kí i kí wọ́n tó wọlé.