Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá lórí gígun Gran Paradiso

Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ n'Ílọrin pé mo gun Gran Paradiso ní Ítálì, òkè oní mítà 4,061, fóònù mi ò sinmi mọ́. Ọ̀nà tó gba hut Vittorio Emanuele II, ilé táwọn tó ń gun òkè náà máa ń sùn sí lójú ọ̀nà, ni gbogbo yín ń bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó pè.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń gun òkè Ṣóbì láràárọ̀, ṣé kò tíì tó?
Ó dáa fún ẹsẹ̀. Àmọ́ Ílọrin ò ju nǹkan bíi mítà 300 lọ, hut yẹn nìkan ti lé ní 2,700, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́.

Orí ń fọ́ mi ní hut, oorun ò kùn mí.
Ẹ mu omi, ẹ jẹun, ẹ sun òru kejì níbẹ̀. Tó bá ti di èébì, tàbí ẹsẹ̀ ò gbélẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé paracetamol mì kẹ́ ẹ tún máa gòkè lọ.

Omi mi dì.
Ẹ dorí ike kodò nínú báàgì.

Sínóò ń dì mọ́ abẹ́ crampon mi, mo ń yọ̀.
Háà, èyí gan-an ló bá mi fà á. Crampon ni irin eléyín tá a ń dè mọ́ bàtà. Tí òòrùn bá ti ràn, sínóò á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ bí amọ̀ àkùrọ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ bàtà lásìkò òjò, eyín irin ò ní kanlẹ̀ mọ́. Tèmi, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Mo fi igi àáké yìnyín gbá a, ó já bọ́, kò pẹ́ ó tún ti kún. Mo fi náílọ̀n pure water tí mo gbé látilé wé e, ó ya. Mo fi àbẹ́là pa á, kò gbọ́. Gáìdì ní kí n máa gbá a ní gbogbo ìṣísẹ̀, ìyẹn gbé mi dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ló dé tí tọ̀tún ò ṣe é? Nígbà tá a dé hut mo tú méjèèjì, mo gbé wọn síbi iná: rọ́bà pẹlẹbẹ kan máa ń wà lábẹ́ crampon tí kì í jẹ́ kí sínóò lẹ̀, ti òsì ti sán létí, ìkọ́ ẹ̀ kan ti yọ, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ á wọnú, sínóò á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó háyà ẹ̀ fún mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Mo pààrọ̀ rọ́bà yẹn, wàhálà tán. Torí náà kẹ́ ẹ tó gba crampon lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ yí i padà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà ẹ̀ yí ká, kó má mì. Kẹ́ ẹ sì tètè jáde ní hut, bí aago mẹ́rin ìdájí, kẹ́ ẹ ti máa bọ̀ nílẹ̀ kí sínóò tó rọ̀ pátápátá.

Ṣé mi ò lè máa tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú, kí n má sanwó gáìdì?
Rárá o! Yìnyín tó bo òkè yẹn lanu, sínóò ló bo ojú ihò ẹ̀, ẹni tó kọjá láàárọ̀ lè kọjá kó wá jìn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣe ni wọ́n ń fi okùn so ara wọn pọ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn jáde gbọ́dọ̀ wà lórí okùn yẹn. Lókè pátápátá nítòsí ère Màríà, àpáta tóóró ni, ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò kan láti Òmù-Àrán ní òun ti wo fídíò tó pọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Tówó gáìdì ò bá tíì pé, ẹ rìn láti Pont, abúlé ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, dé hut nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹn ò gba orí yìnyín kọjá, kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀, kẹ́ ẹ padà.