Omi ló ń pa ọrọ́, kì í ṣe òtútù

Ọrọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo gbìn sílé ní Ìkéré-Èkìtì, òjò oṣù kẹfà ló pa wọ́n. Mo fi ìdí ṣíbí tẹ ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣíbí náà sì wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìbẹ́pẹ tó ti rà. Omi dúdú ṣàn jáde, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ nínú yìnyín nílé ọmọ mi ní Calgary, ní Kánádà, tí nǹkan kan ò ṣe é.

Ọmọ ọmọ ni mo lọ gbé níbẹ̀. Nígbà tí ìkókó bá sùn, kí ni ìyá àgbà fẹ́ máa ṣe? Mo ra ọrọ́ pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, mo gbìn ín síta lóṣù kẹfà. Ọkọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, tó bá di ìgbà òtútù, ó ti lọ nìyẹn.” Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. A ò mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ náà ni ọrọ́ yẹn. Opuntia ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, Opuntia fragilis, ń dá hù nínú igbó ní Kánádà títí dé apá odò Peace lókè lọ́hùn-ún. Èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, Opuntia polyacantha, wà káàkiri pápá ní gúúsù Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, níbi tí òtútù ti lè dé -30 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ọgbọ́n tó ń dá kò pọ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á da omi ara rẹ̀ nù. Á rù, á hunjọ bí awọ arúgbó, á sùn sílẹ̀ gbalaja. Oje tó kù nínú rẹ̀ á ki, kò ní tètè dì, yìnyín ò sì ní rí omi tó máa fi fa ara rẹ̀ ya. Ọkọ ọmọ mi rí i bẹ́ẹ̀, ó ti gbé ṣọ́bìrì kó wú u dànù. Mo pariwo mọ́ ọn. Lóṣù karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì yá, ó tanná ofeefee. Òdòdó kan kì í ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òtútù, ibi tẹ́ ẹ máa gbìn ín sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù ló dáa jù, torí pé òòrùn tiwọn kì í gun àárín orí nígbà òtútù, ìhà gúúsù ló ń gbà kọjá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ebè. Bí ẹni fẹ́ gbin iṣu gẹ́lẹ́, àmọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì wo ni wọ́n máa kọ́ ní ebè? Omi kì í dúró lórí ebè, ìdí abájọ nìyẹn. Ẹ gbìn ín nígbà tí ilẹ̀ bá ti móoru, kó lè ta gbòǹgbò kí òtútù tó dé. Tí oṣù kẹjọ bá ti parí, ẹ má bomi rin ín mọ́, ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀.

Yìnyín kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, aṣọ ìbora ni. Atẹ́gùn gbígbóná kan tí wọ́n ń pè ní chinook ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àárín òtútù ló máa ń dé lójijì láti orí òkè, yìnyín á yọ́, omi á jókòó sí ìdí ọrọ́, òtútù á tún padà wá dì í pa. Mo ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, mo fi páànù onírọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo orí rẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ẹ má fi ọ̀rá wé e o, á hó síbẹ̀.

Ìgbà tí mo padà sílé ni ojú mi tó là. Ìkéré ò ní yìnyín, àmọ́ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, òjò ni. Kò wù mí kí n kó ọrọ́ wá láti ọ̀hún, torí pé láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Adó ni mo ti ra tèmi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ra: tí wọ́n bá gé e tí oje funfun jáde bíi wàrà, ọrọ́ ilé wa nìyẹn, ẹbí mìíràn ni. Oje yẹn ò gbọdọ̀ kan ojú. Omi lásán, tó ń yọ̀ díẹ̀, ló wà nínú Opuntia.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ tí mo gé e ni mo gbìn ín. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e níbi oríkèé, ẹ wá gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ojú egbò rẹ̀ gbẹ kó le bí èèpá. Tí ojú egbò bá ṣì tutù, ẹ má gbìn ín. Tẹ́ ẹ bá wá gbìn ín, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kó wọlẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó rí omi.

Àṣìṣe kejì ni ilẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò ní kí n da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Mo dà á, ó sì tóbi, ó rọ̀ bí ọmọ olówó. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta ni mo ń lọ. Garawa méjì òkúta wẹ́wẹ́, garawa kan yanrìn odò, ààbọ̀ ilẹ̀ lásán. Ẹ fọ òkúta náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń dì bíi sìmẹ́ńtì, omi ò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ike ọ̀dà àlòkù ni mo fi ń gbìn ín. Mo fi irin gbígbóná lu ìdí rẹ̀ níhò mẹ́jọ, mo sì gbé e lé bíríkì.

Àṣìṣe kẹta ló dùn mí jù: abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo tò wọ́n sí! Mo rò pé òrùlé ń dáàbò bò wọ́n, àṣé gbogbo omi orí páànù ló ń dà lé wọn lórí. Ẹ fà wọ́n wọ abẹ́ ilé díẹ̀, níbi tí òòrùn á ti rí wọn tí òjò ò ní kàn wọ́n. Nígbà ọyẹ́ ni mo máa ń bomi rin wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.

Ẹ̀gún ńlá rẹ̀ ò níṣòro, ojú rí i. Irun wínníwínní tó yí ìdí ẹ̀gún ká ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ká ìwé ìròyìn lé e kẹ́ ẹ tó dì í mú. Tó bá ti wọ ara, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi ẹnu fà á. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ṣí i fìrì.

Èyí tó bá já, ẹ má sọ ọ́ sígbó. Ègé kan ṣoṣo lè di odindi igi, irú rẹ̀ sì ti gba pápá mọ́ àwọn ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ní Kẹ́ńyà. Orí páànù nínú òòrùn ni mo máa ń sá tèmi sí, títí á fi gbẹ bíi panla, kí n tó sun ún.