Táǹkì ẹja tó ní ewéko nínú: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ọ́ di kànga àpatì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Táǹkì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò kó tó dà bíi kànga tí wọ́n ti pa tì. Ojú gíláàsì ti di àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú, ewé tí mo fowó gidi rà ti hu irun dúdú létí, ẹja wà níbẹ̀ o ṣùgbọ́n ẹ máa wá a tì ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àbí èmi fúnra mi ti ṣe é, àbí mo rí i nílé ẹni tó pè mí pé kí n wá wo ohun tó ń ṣe ewé òun.

Èyí tó burú jù ni iná. Èèyàn á ra gílóòbù LED tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, á tàn án láti àárọ̀ títí tó fi máa lọ sùn, torí ó rò pé ewé ń jẹ iná bí ọmọ ṣe ń jẹ indomie. Rárá o. Iná, ajílẹ̀ àti CO2 (afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ), àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń rìn ni, tí iná bá pọ̀ tí àwọn méjì tó kù ò tó, ewé á dúró sójú kan, algae, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo gíláàsì, tí kì í béèrè nǹkan púpọ̀, á wá sọ ibẹ̀ di ilé bàbá ẹ̀. Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ti tó, táǹkì tuntun gan-an, ẹ fi mọ sí 6. Ẹ ra timer, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ máa rántí pa á. Ẹ má sì gbé táǹkì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, oòrùn tiwa yìí kì í ṣe eré, á mú omi gbóná bí omi ìwẹ̀ àárọ̀. Omi tó bá ti ń kọjá 28 degree lọ sí 30, ọ̀pọ̀ ewé ò fẹ́ràn ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí náà sì máa ń dínkù nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ò tíì tán, torí Nàìjíríà la wà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, fíltà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì, dúró nìyẹn, àwọn bakitéríà rere tó ń gbé nínú fóòmù ẹ̀ tó ń bá wa sọ ìdọ̀tí ẹja di nǹkan tí ewé lè jẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú torí afẹ́fẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Tí iná bá wá dé lóru, omi tó ti rùn nínú fíltà ló máa tú sínú táǹkì, ẹ ò ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí iná bá ti lọ pẹ́, ẹ tú u, ẹ ṣan fóòmù yẹn kẹ́ ẹ tó tàn án padà. Inú abọ́ omi tẹ́ ẹ bù látinú táǹkì náà lẹ ti máa fún un o, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ, chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, lè pa bakitéríà yẹn. Èmi ra ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ọkàn mi balẹ̀. Wákàtí iná ewé gan-an, ìrọ̀lẹ́ ni mo fi sí, ìgbà tá a máa ń tan jẹnẹrétọ̀.

Ó tún ku gbígbìn. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní Anubias, tibí náà ni, ó ń hù létí odò ní gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà àti ní Cameroon, síbẹ̀ òyìnbó ló ń tà á padà fún wa. Ó ní igi kan tó nípọn tó sùn gbalaja bí atalẹ̀, gbòǹgbò á yọ nísàlẹ̀, ewé á yọ lókè. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ri gbogbo ẹ̀ mọ́ yanrìn bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo fọwọ́ kan ewé kan, ó já wá sí mi lọ́wọ́ láìsí pé mo fà á, mo wá hú u, igi yẹn ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà, ó ń rùn bíi gọ́tà. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Òwú dúdú ni kẹ́ ẹ fi so ó mọ́ igi tàbí òkúta, gbòǹgbò á di í mú fúnra ẹ̀. Bákan náà ni ewé kan tó ń jẹ́ Java fern.

Ewé mìíràn tó ń jẹ́ Cryptocoryne ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, gbogbo ewé ẹ̀ lè yọ́ dànù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fà á tu! Èmi fà á, mo dà á nù, ẹni tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní gbòǹgbò yẹn ò kú, á tún hu ewé tuntun.

Yanrìn etí òkun ńkọ́? Iyọ̀ àti ìkarahun ló kún inú ẹ̀, á sọ omi di líle, ìyẹn ni pé èròjà ìkarahun yẹn á pọ̀ jù nínú omi. Yanrìn odò ni kẹ́ ẹ wá, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kán vinegar sí i tó ń hó yẹ́ẹ́, ìkarahun wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ má lò ó.

Ajílẹ̀ oko ńkọ́? Ẹnì kan ládùúgbò wa bu NPK 15-15-15 ẹ̀kúnwọ́ kan dà sínú táǹkì, ó ní ṣebí àgbàdo òun fẹ́ràn ẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹja ti léfòó. Ammonia inú ẹ̀ ni, májèlé ni fún ẹja. Ẹ má sì kó ẹja epìà síbi tí ewé wà, á jẹ ẹ́, á tún walẹ̀ hú èyí tó kù.

Ti ẹwà, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má gbé òkúta ńlá sí àárín gbùngbùn bí ère, yanrìn ẹ̀yìn kó ga ju tiwájú lọ, èyí tó ń ga kó wà lẹ́yìn, ẹ sì gbin ewé púpọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ibi tó ṣófo, algae ló ni ín.

Èyí tó kù ni ojú oró. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, wọn ò purọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìdì mẹ́ta ni mo já látinú odò, kò pé oṣù kan tó fi bo gbogbo ojú táǹkì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wá ń funfun torí wọn ò rí iná mọ́. Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mo ń kó ìdajì ẹ̀ kúrò, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo ń dà á sí, mi ò jẹ́ dà á sí gọ́tà láéláé, ẹni tó bá ti rí bí ewé orí omi ṣe ń di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà l'Ékòó á mọ ìdí ẹ̀.