Bí èèyàn ṣe lè dẹni tó ń ta fáyólìn ní kọ́ńsáàtì láti Abuja níbí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fáyólìn ta l'Abuja, ẹ pọ̀ o, mo ń rí yín. Sátidé téèyàn bá ṣáà ti wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní Gwarinpa tàbí Garki, ọmọ kan á ti wọ súùtì, á so fáyólìn oníná mọ́ spíkà, wọ́n á tẹ tráàkì fún un, á máa ta á bọ̀ láàárín tábìlì, àwọn ìyá ìyàwó á sì máa náwó fún un. Iṣẹ́ ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí ìtàgé fún odindi wákàtí kan, òun àti ẹni tó ń tẹ píánò nìkan, kò sí ìlù, kò sí tráàkì tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, òun ni mo fẹ́ ká sọ. Lójú tèmi ohun tó wà nídìí ẹ̀ ò ju méjì lọ: kí ohùn yín bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, kí fáyólìn fúnra ẹ̀ sì wà láàyè dọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó. Ìkejì yẹn lèèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ìlú ọlọ́yẹ́ là ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ ríra. Àgbàlagbà, sáìsì 4/4 ló máa lò. Ọmọdé, ẹ gbé fáyólìn lé e léjìká, ẹ ní kó na apá òsì ẹ̀ tán, tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bá lè gbá orí fáyólìn yẹn mú láìnàgà, ó bá a mu, tí ò bá tó o, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 3/4 tàbí 1/2. Ẹ má wo dídán. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dání kó bá yín gbọ́ ọ, kó yí pẹ́ẹ̀gì ẹ̀ wò, ìyẹn igi kékeré tá a fi ń fa okùn le, owó tó bá sì ṣẹ́kù, okùn tó dáa ni kẹ́ ẹ fi rà.

Ó yá, ọyẹ́. Láti bíi November wọ February, afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ yìí máa ń fa gbogbo nǹkan gbẹ, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà ń rí ètè yín. Pákó ni fáyólìn, spruce níwájú, maple lẹ́yìn, méjèèjì fẹ́lẹ́, gọ́ọ̀mù awọ ẹran ni wọ́n sì fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ọyẹ́ tiwa sì máa ń já a wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ tún wá tan AC lé e lórí. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé pẹ́ẹ̀gì á yọ̀, ẹ ó ṣí kéèsì láàárọ̀, ẹ ó bá okùn tó ti dẹ̀ jọwọlọ. Ẹ má fi ìbínú fà á. Ẹ kọ́kọ́ wo bíríìjì ná, igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró láàárín fáyólìn. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan nídìí bíríìjì yẹn, okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó fi dúró, ọ̀pá kékeré tó wà nínú ikùn fáyólìn náà ò ní gọ́ọ̀mù, tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ó lè ṣubú, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń yí kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú. Tó bá ti ṣubú, ẹ ò gbọdọ̀ fa okùn kankan mọ́, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, torí tẹ́ ẹ bá fà á bẹ́ẹ̀ iwájú ẹ̀ lè jìn wọnú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pààrọ̀ okùn, a kì í tú gbogbo ẹ̀ pa pọ̀.

Tí kò bá ṣubú, ẹ máa yí pẹ́ẹ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa tì í sínú bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Bí okùn bá ṣe ń le, orí bíríìjì á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sápá ibi tí ọwọ́ òsì yín wà, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú ẹ̀ tó kọ sí ìdí okùn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lórí pákó. Tó bá ti tẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì mú un lókè, ẹ rọra fà á padà. Tí fáyólìn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàràgbàrà lójú orin kan pàtó, ẹ fi oríkèé ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yípo, ko ko ko, ibi tí ohùn ẹ̀ bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ló ti là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Super Glue sí i, ẹ má sì gbé e lọ fún káfíńtà àdúgbò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo gọ́ọ̀mù awọ ẹran yẹn ni, kó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ló máa là dípò kí pákó fọ́, kí wọ́n sì lè tún un lẹ̀.

Fún ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ẹ jù ú sínú kéèsì. Ẹ wá ike ọṣẹ tó ní ihò lórí, ẹ fi fóòmù tó tutù sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ ti fún omi ẹ̀ dáadáa o, kò gbọdọ̀ kán, ẹ fi sí igun kéèsì. Irun ẹṣin ara bóò, ọ̀pá tá a fi ń ta fáyólìn, máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, ẹni tó bá ta á tán tí ò tú u, ọ̀pá bóò ẹ̀ máa wọ́. Ẹ má fi fáyólìn sílẹ̀ nínú mọ́tò ní oòrùn March, ẹ ò báà kàn fẹ́ sọ̀ ra súyà. Tẹ́ ẹ bá sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, orí itan yín ni àyè ẹ̀, kì í ṣe bùútù, ẹ jẹ́ kí dírẹ́fà máa kùn lọ.

Ohùn wá ńkọ́. Fáyólìn ò ní ìlà tó ń sọ ibi tí ìka máa bọ́ sí, gòjé náà ò sì ní i. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé sákárà Yusuf Olatunji sílé fún nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ẹ mọ ohùn gòjé, àwọn Hausa tá a jọ ń gbé níbí náà mọ̀ ọ́n dáadáa, okùn kan ṣoṣo, awọ awọ́nrínwọ́n, irun ẹṣin, ẹni tó ń ta á á sì bá olórin lọ bá a bọ̀ láìṣìnà. Etí ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá pàdé onígòjé kan níbi ayẹyẹ, ẹ dúró, ẹ wo ọwọ́ òsì ẹ̀.

Béèyàn ṣe ń kọ́ etí náà rèé. Ẹ fi áàpù túùnà tún okùn A ṣe sí 440, kẹ́ ẹ tún G, D àti E náà ṣe. Ẹ wá tẹ ìka kẹta sórí okùn A, D nìyẹn. Tó bá bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́, okùn D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn rárá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra ẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn ẹ máa rí i, ohùn á sì là gbàà. Ẹ sún ìka yẹn sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, á kú. Ẹ ṣe é lórí okùn D kí G dáhùn, ẹ ṣe é lórí E kí A dáhùn. Ibẹ̀ ni síkéèlì, ìyẹn ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan orin kankan. Ó dáa pé kò lo iná NEPA. Ẹni tó ń gbé ojúlé kan pẹ̀lú èèyàn ní Kubwa tàbí Nyanya, ẹ ra mute rọ́bà, ẹ fi há bíríìjì lórí kí ará ilé lè sùn, àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo ìgbà lẹ ń lò ó, ẹ ò ní mọ bí ohùn yín ṣe tóbi tó, torí náà ẹ bẹ pásítọ̀ kó máa yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì fún yín lọ́sàn-án Tuesday. Ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ jọ̀wọ́, éékánná gígùn ọwọ́ òsì yẹn ò lè bá fáyólìn gbé. Àmì dúdú tó sì máa yọ lábẹ́ àgbọ̀n yín lápá òsì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa bi yín, ẹ rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ṣe pàtàkì ju YouTube lọ, torí fídíò ò lè gbé ìgúnpá yín sókè fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí, ìdánwò ABRSM, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìdánwò orin, wà, Grade 1 dé 8, ẹ rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ yege Grade 5 tíọ́rì kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe 6 lọ sókè. Láti 2020 wọ́n ti ní irú èyí tẹ́ ẹ lè fi fídíò ṣe, orin mẹ́rin láìdánudúró, ìyẹn rọ àwa ará Abuja lọ́rùn. Ẹni tó bá ráàyè lọ s'Èkó, MUSON ní ilé ìwé orin tó ń fúnni ní dípúlómà.

Orin wo lẹ máa kọ́? Bach kọ mẹ́fà fún fáyólìn nìkan, ó parí wọn ní 1720, wọn ò nílò píánò, ẹ fi wọ́n sínú ara. Mozart kọ kọnṣẹ́tò, ìyẹn orin tí ẹnì kan ń ta tí ọ́kẹ́sítírà ń gbè é lẹ́yìn, mẹ́ta ni ọ́kẹ́sítírà òkè òkun sábà máa ń béèrè, nọ́ḿbà 3, 4 àti 5, gbogbo wọn ní 1775. Ẹ má sì gbàgbé tilé: Fẹlá Sówándé tí wọ́n bí l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 1905 kọ African Suite fún àwọn olókùn ní 1944, tẹ́ ẹ bá rí olókùn bíi mélòó kan kó jọ, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ ó rí i bí àwọn èèyàn á ṣe gbórí sókè.

Ẹ má bá ẹni tó ń tẹ píánò fún yín jà o. George Bridgetower, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ fáyólìn ta, òun àti Beethoven tó ń tẹ píánò fún un ni wọ́n jọ gbé orin tuntun kan jáde ní Vienna ní 1803, orúkọ ẹ̀ ni Beethoven kọ sí i lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin kan ló dá ìjà sílẹ̀. Beethoven bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ó fi ti Kreutzer, ẹlòmíì tó ń ta fáyólìn, sí i, Kreutzer sonata la sì ń pè é dòní. Ẹ sanwó píánò lásìkò, ẹ gbé omi fún un.

Owó wàyí, torí ó dìgbà tí inú bá kún kéèyàn tó ráyè Bach. Àwọn tó ń fi kọ́ńsáàtì nìkan jẹun kéré láyé, ọ́kẹ́sítírà, ọmọ kíkọ́ àti páàtì ni ìyókù fi ń gbé e. Ọmọ kíkọ́ ló dáa jù l'Abuja, àwọn òbí ní Maitama àti Asokoro máa ń fẹ́ kí tíṣà wá bá ọmọ nílé, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Páàtì, ẹ gba ìdajì kí ọjọ́ tó kò, ẹ lo fáyólìn mìíràn tí oòrùn àti ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ bá bà á jẹ́ tí kò ní dùn yín. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ yín lára ńkọ́? Òfin CBN 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000 tàbí méjèèjì, EFCC sì ti ń gbé èèyàn lọ sí kóòtù lórí ẹ̀. Ẹ sọ fún alága ìdúró kó bá yín gbé àpòòwé dání, tàbí kẹ́ ẹ lẹ nọ́ḿbà àkáǹtì mọ́ ara spíkà. Ẹ má gba páàtì alẹ́ Friday tí kọ́ńsáàtì bá wà lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kọ́ńsáàtì, ẹ tètè dé, kí fáyólìn mọ AC ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Okùn tuntun, ó kéré tán kó ti wà lórí ẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn ẹ̀ kò tíì ní dúró. Ẹ mú pẹ́ẹ̀gì aṣọ dání tẹ́ ẹ máa fi há ìwé orin, torí fáànù. Tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ láàárín orin kí ẹ tó parí, ẹ tẹríba díẹ̀, ẹ máa bá a lọ, wọ́n ń gbádùn ẹ̀ ni.

Ohun tó kàn ni fídíò, torí láti Abuja fídíò ló máa gbé yín dé ibi tí ọkọ̀ òfúrufú ò tíì gbé yín dé. Ẹ gbà á ní àárọ̀ kùtù kí ará àdúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ pa fáànù, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kó jìnnà díẹ̀ kó lè rí ojú yín, ọwọ́ méjèèjì àti gbogbo gígùn bóò. Ẹ má gé e, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi íapíìsì gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, torí spíkà fóònù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ okùn G dáadáa, ibẹ̀ ni bóò tó ń họ sì máa ń fara pamọ́ sí.